Àṣẹ́kù Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní abà Ìdí-Emi, ní apá Òkè-Ògùn, iṣẹ́ tábà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ga, kò sanra, kò sì lówó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní òun yóò ṣe nǹkan, máa wò ó ni. Ẹni tó bá ní kí ó má ṣe é, àkókò ara rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Lọ́dún kan, àrùn kan wọ oko tábà wọn. Bí àrùn náà bá mú ewé, ojú ewé á kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú níbi kékeré kan. Bí o bá yí ewé náà padà, wàá rí eruku kan lábẹ́ rẹ̀, ó funfun, ó sì ní àwọ̀ aró díẹ̀ nínú, bí eérú ààrò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní eléérú. Kò pẹ́ tí yóò fi ran gbogbo oko, ewé á rọ, á jẹrà, kò ní dé ilé tí wọ́n ti ń yan tábà. Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jọ ń dáko. Eléérú kó oko ẹ̀gbọ́n náà lọ ráúráú lọ́dún yẹn, bàbá olóko wá di ẹni tó ń ṣọ́ géètì ẹlòmíràn nílùú òkèèrè. Ọjọ́ tó ń lọ, àbúrò rẹ̀ sìn ín dé títì, ó sì sunkún. Nígbà tó padà délé, ó ní eléérú kò tún ní bá àwọn lójijì mọ́ láéláé.

Àwọn ará abà ní èpè ni. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ló ti ṣá. Òun kò bá wọn jiyàn. Ó lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, ó jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ náà fi yé e. Ohun tó gbọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ni eléérú ń gùn. Eruku abẹ́ ewé yẹn ni irúgbìn àrùn náà, afẹ́fẹ́ á gbé e láti oko kan dé òmíràn, á gbé e kọjá odò, á gbé e kọjá òkè. Bí oòrùn bá mú un lójú ọ̀nà, ó kú nìyẹn. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, tí kò sí oòrùn, á rìn jìnnà. Ibi tó bá sì ti bá ewé tí ìrì tàbí òjò wẹliwẹli ti rin títí ilẹ̀ fi mọ́, ibẹ̀ ni yóò fi ṣe ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí eléérú yóò dé, àfi kó mọ ibi tó wà báyìí, kó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí, kó sì mọ bí oòrùn yóò ṣe ràn sí láàárín ọ̀nà.

Ó wá ran aṣọ àtijọ́ kan ní gígùn, ó so ó mọ́ òpó kan lórí àpáta, kí ó lè máa fi wo ìhà tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ó wá ẹni kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ òjò, ó gba nọ́ńbà wọn. Láràárọ̀ ni yóò pè wọ́n: "Ṣé eléérú ò tíì yọjú lọ́dọ̀ yín? Ṣé oòrùn là?" Àwọn ọ̀dọ́ abà sọ ọ́ ní Bàbá Aláfẹ́fẹ́. Bí ó bá ń kọjá, wọn á ní, "Bàbá Aláfẹ́fẹ́, kí ni ọ̀rẹ́ yín wí lónìí?" Yóò dúró, yóò dá wọn lóhùn bí ẹni pé tọkàntọkàn ni wọ́n fi bi í. Ó yá, wọn ò rí i fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́, nítorí ọdún méjì tẹ̀léra ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹgbẹ́ alátábà sì fi í ṣe aṣọ́-afẹ́fẹ́.

Kì í ṣe Ìdí-Emi nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀. Abà kan wà ní òdìkejì àpáta tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀yìn-Àpáta. Afẹ́fẹ́ òjò á kọ́kọ́ fẹ́ kọjá Ìdí-Emi, lẹ́yìn náà ni yóò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ àwọn ará Ẹ̀yìn-Àpáta kò mókè. Oògùn eléérú tí wọ́n ní kò ju èyí tí wọ́n lè fín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Bí wọ́n bá yára fín in, òjò á fọ̀ ọ́ dànù kí àrùn tó dé. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, àrùn á ti wọlé, oògùn kò sì ní ràn án mọ́. Nítorí náà, àwọn àti ọkùnrin yìí ṣe àdéhùn: wọn á gbé oògùn wọn sílé, wọn kò ní fọwọ́ kàn án, àfi ọjọ́ tó bá ní kí wọ́n fín in. Gbogbo oko abà kan wá ń bẹ lẹ́nu ènìyàn kan. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í fi ṣeré.

Ohun kan wà tó ń dà á láàmú. Àwọn ará Ìdí-Emi ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti ṣí ọmọ tábà kúrò lórí ebè tí wọ́n fọ́n irúgbìn rẹ̀ sí, tí wọ́n ti gbìn ín sóko tán, wọn kì í tu èyí tó ṣẹ́kù. Wọ́n á fi sílẹ̀ sórí ebè, ìyá ilé á máa bomi rin ín. Ìdí ni pé ọmọ tábà ẹlòmíràn lè kú, ó sì lè wá tọrọ. A kì í tọrọ àṣẹ́kù lọ́wọ́ ìyá ilé kó ní kò sí, ìtìjú ńlá ni. Àṣà tó dára ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ tábà tó fún mọ́ra lórí ebè, tó wà lábẹ́ ibòòji, tí omi ń wà lára rẹ̀ tàárọ̀tàlẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í fín oògùn sí, ibẹ̀ gan-an ni eléérú ń wá. Bí ó bá débẹ̀, á jókòó, á bímọ, á sì rán àwọn ọmọ rẹ̀ sóko.

Ọkùnrin yìí pe ìpàdé. Ó ní kí olúkúlùkù lọ tu àṣẹ́kù rẹ̀. Wọ́n fi àáké kọ́rí. Òun náà fi àáké tirẹ̀ kọ́rí. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì borí. Wọ́n wá fi òfin kan dè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú un wá: bí a bá ti tu ti gbogbo abà tán, ẹni tí a bá tún bá àṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, oko rẹ̀ tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ ni a ó gé lulẹ̀.

Ìyá arúgbó kan wà lábà náà tí kò gbà. Ó ní ìyá òun fi àṣẹ́kù sílẹ̀, ìyá ìyá òun náà sì fi sílẹ̀. Ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, níṣojú gbogbo ayé.

Ìyá arúgbó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ tábà yìí ṣẹ ọ́ ni?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Mi ò lè yọ ti yín sílẹ̀ kí n wá tu ti ẹlòmíràn."

Ó tu gbogbo rẹ̀. Ìyá arúgbó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin yìí bá kí i, kì í jẹ́ ẹ.

Nígbà tó di Ògọ́sì, ojú ọ̀run ṣú dùdù. Òtútù mú, òjò wẹliwẹli kò dá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó wà ní ìlú kan ní ìsàlẹ̀ odò pè é pé eléérú ti wọ oko àwọn. Ó gun orí àpáta, ó wo aṣọ rẹ̀. Ìdí-Emi gan-an ni afẹ́fẹ́ kọjú sí. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí gbogbo Ìdí-Emi gbé oògùn jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n fín in. Ó pe Ẹ̀yìn-Àpáta, ó ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná, ó dìgbà tí òun bá rí i bóyá yóò balẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn, nítorí bí kò bá rí ibi balẹ̀ sí ní Ìdí-Emi, agbára káká ni yóò fi dé ọ̀dọ̀ tiwọn.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò rí nǹkan kan. Gbogbo oko abà ló rìn, ó ń yí ewé padà níkọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ewé mọ́ tónítóní. Ẹ̀fẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá Aláfẹ́fẹ́, ọ̀rẹ́ yín mà já yín kulẹ̀ o. Wọ́n ní oògùn àwọn tó fi ṣòfò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n ó rọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó rìn dé oko tó gbẹ̀yìn, tí kò rí nǹkan kan, ó pe olórí àwọn alátábà Ẹ̀yìn-Àpáta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ewu ti ré kọjá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ aládùúgbò kan wọ ẹ̀yìn balùwẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ jẹ́ ibi tí òun kì í dé, ọgbà poroporo ni ìyàwó rẹ̀ fi yí i ká, ó ní òun ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ewúrẹ́ ti wó ọgbà náà lápá kan. Ọkùnrin náà mú igi, ó wọlé lọ láti lé e. Ẹ̀fọ́ kọ́ ló bá níbẹ̀. Ebè ọmọ tábà kan ló bá, ó ń gba omi ìwẹ̀ lára ògiri, ó gún régé. Ojú ewé rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú níbí àti lọ́hùn-ún.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí ewé kan padà. Eérú ni. Ó yí òmíràn. Eérú ni, ó nípọn, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fọwọ́ kan ìkẹta, eruku rẹ̀ gbéra níwájú ojú rẹ̀, ó bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ó wá yé e. Àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Ọjọ́ tó ní eléérú yóò dé gan-an ló dé. Gbogbo oko ló ti rí oògùn, kò rí ibi balẹ̀ sí, àfi ibì kan ṣoṣo tí oògùn kò kàn. Òótọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ wà níbí, ní ẹ̀yìn balùwẹ̀ òun alára. Bí ó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun kò ṣìnà, àfi kó pè wọ́n wá wo ẹ̀ṣẹ̀ ilé rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ yọ sí i látẹ̀yìn. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àwọn ọmọ mi. Àbúrò mi ló ni ín. Ọdún yìí ló kọ́kọ́ dá oko tirẹ̀ ní Ẹ̀yìn-Àpáta, púpọ̀ nínú ọmọ tábà rẹ̀ kú. Ó ní kí n bá òun tọ́jú díẹ̀. Ṣé kí n sọ fún ọmọ ìyá mi pé kò sí àṣẹ́kù nílé mi ni?"

Ó ń wo ibi tí poroporo tó wó kọjú sí, ó ń wo bí ewé ìgbẹ́ ṣe ń tẹ̀ sí ìhà àpáta.

Ìyàwó ní, "Kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ jẹ́ ká tu ú báyìí ká rì í mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ pe Ẹ̀yìn-Àpáta kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fín oògùn. Ẹ ní afẹ́fẹ́ ti yí padà. Ṣé irọ́ nìyẹn?"

Má bá mi fojú òpònú wo obìnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Òjò á rọ̀, ọkà á gbó, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ọkùnrin náà ronú sí i. Ó ronú kan ìyá arúgbó, ó ronú kan òfin tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe, ó ronú kan oko rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ògiri balùwẹ̀ parí sí. Oko tó dára jù nínú oko rẹ̀ nìyẹn, ewé ibẹ̀ gbòòrò bí ẹní ọmọdé. Ojú ti ń tì í kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Lẹ́yìn náà ó dìde nàró. Ó ní, "Mú àpò wá, kí o rin ín lómi dáadáa, kí o fi bo ebè yìí. Má gbọn nǹkan kan." Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó gun òkúta iwájú ilé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń wà.

Olórí Ẹ̀yìn-Àpáta ló gbé e. Ariwo ènìyàn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Ẹ fín oògùn yín nísinsìnyí. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sán."

"Nísinsìnyí kẹ̀? Àná náà lẹ ní ká fọkàn balẹ̀. Ṣé ti ìsàlẹ̀ odò yẹn náà ni?" Kò dúró gbọ́ èsì. "Bó bá jẹ́ tibẹ̀ ni, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn. Àáró la wà lónìí, gbogbo wa ti dé oko ẹni tó kàn. Ẹ jẹ́ ká bá a ká ewé rẹ̀ tán. A ó fín in lọ́la."

Ìwọ náà rí i báyìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ odò ni eléérú wà lóòótọ́, olórí yẹn kò ṣìṣe. Ẹni tó bá mọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀ ló lè mọ ìgbà tí yóò dé. Ẹni tó bá fi ibi tó ti ń bọ̀ pamọ́, tó wá ń kéde pé ó ń bọ̀, kò tíì kéde nǹkan kan.

Ọkùnrin náà ní, "Kì í ṣe ìsàlẹ̀ odò. Ìdí-Emi níbí ni."

"Oko ta ni? Ṣebí ẹ ní ẹ ti rìn gbogbo rẹ̀, ẹ ò rí nǹkan kan?"

Ó ní, "Ẹ̀yìn balùwẹ̀ mi ni. Àṣẹ́kù tí mo ní kí gbogbo ayé tu, ọ̀kan wà nílé mi. Ó ti di eérú lábẹ́ ewé, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀dọ̀ yín ni afẹ́fẹ́ kọjú sí, kò sì sí oòrùn lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi àáró sílẹ̀."

Ó gbọ́ tí olórí náà ń pariwo sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sáré lọ gbé oògùn. Kò dágbére kó tó pa fóònù.

Ọkùnrin náà kò tíì ṣe tán. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdí-Emi, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ wá wò ó. Wọ́n wá. Wọ́n yí ọgbà poroporo ká, wọ́n ń wo ebè, wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹnu mọ́. Ìyàwó dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń sunkún. Ọkùnrin náà ní kí ẹnikẹ́ni má bá a wí, ilé òun ni, òun ló yẹ kí ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá arúgbó ló dé kẹ́yìn. Ó gbé àpò méjì dání, omi ń kán lára wọn. Ó dojú kọ ọkùnrin náà, ó ní:

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ ìta lo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, ìyá."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́." Ó ju àpò náà sórí ebè. "Dìde, ká tu nǹkan yìí kí afẹ́fẹ́ tó gbé e lọ tán."

Wọ́n tu ebè náà lábẹ́ àpò tútù, wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n rì í. Nígbà tó parí, kò sí ẹni tó kúrò. Kálukú ń rántí òfin, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí ó pẹ́ lẹ́nu wọn. Ó wọlé lọ mú àdá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri balùwẹ̀, ó ń gé tábà tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, láti poro dé poro, ewé ńláńlá ń wó lulẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gé e. Ó gé e títí dé ìpẹ̀kun oko. Ẹ̀yìn rẹ̀ dùn ún fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọdún náà sì le fún òun àti ilé rẹ̀.

Eléérú dé Ẹ̀yìn-Àpáta lóòótọ́. Ó mú oko mélòó kan tó wà lẹ́sẹ̀ àpáta, pàápàá oko àna rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀, nítorí kò rí oògùn fín tán kí afẹ́fẹ́ tó dé. Ìyókù oko abà náà yè. Wọ́n ká ewé wọn, wọ́n yan án, wọ́n tà á. Àwọn kan ṣì ń bú u. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ wá aṣọ́-afẹ́fẹ́ mìíràn. Ó ní kò burú, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kí ó wá, òun á fi aṣọ orí àpáta hàn án. Kò sẹ́ni tó wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Lọ́dún kejì, kí ó tó di ìgbà tí òun náà ń rìn oko kiri, fóònù rẹ̀ dún láàárọ̀. Ọkùnrin kan láti ìlú kan tí kò mọ̀ rí ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oko mi ni. Mo rí i lábẹ́ ewé mi. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Mo ní kí n sọ fún yín kí ẹ lè sọ fún àwọn tó wà níwájú afẹ́fẹ́." Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ló ń pe ènìyàn, kò sẹ́ni tó tíì pe òun láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ti oko ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá eléérú lóko rẹ̀, ṣe ló máa ń sẹ́, tí yóò ní ẹ̀ẹ̀rùn ló pa ewé òun. Lọ́dún náà, ènìyàn mìíràn tún pè, òmíràn tún pè. Wọ́n ti gbọ́ ti ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ìgbà náà ni àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tó di ohun tí odindi agbègbè lè fi ṣe nǹkan, nítorí ó wá ń mọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀.

Fadérera, mo ti pa àkàwé mi tán. Ó ku tìrẹ.

Ìwọ ni àwọn obìnrin àdúgbò wa fi ṣe olórí kànga. Ìwọ lo máa ń dúró lẹ́nu kànga tí o ń lé ọmọ tó bá gbé korobá ìdọ̀tí wá. Ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n dí ṣaláńgá ìyá Sùlíyà nítorí ó sún mọ́ omi, mo wà níbẹ̀, mo sì gbè ọ́ lẹ́yìn. Lónìí, kí n tó fọ ẹnu, o ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. O ní ṣaláńgá tí ọkọ rẹ gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti là nísàlẹ̀, pé o rí i tí omi rẹ̀ ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìhà kànga. O ní ọmọ rẹ kékeré ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná. O wá ń bi mí bóyá o lè da kẹ́míkà sínú kànga láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí o ní òórùn ló ń rùn, kí ọkọ rẹ wá fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́. Ojú á ti èmi náà. Ìyá Sùlíyà kò ní dákẹ́, má tan ara rẹ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí o fi ipò náà sílẹ̀, ọkọ rẹ á sì bínú. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé nǹkan wọ̀nyẹn kò ní ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní òórùn ni, àwọn ìyá á sẹ́ omi náà, wọn á gbé e fún ọmọ wọn mu. Bí inú bá ń run ọmọ, wọn á rò pé oúnjẹ àná ni, wọn á fún un ní àgbo, wọn á tún fún un ní omi kan náà. Wọn kò lè sá fún ohun tí wọn kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n lówùúrọ̀ yìí.

Gbé ọmọ rẹ fún mi, èmi á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo ti ní kí wọ́n bá mi wá ọ̀kadà. Ìwọ dìde. Mo ń gbọ́ ariwo korobá ní ìta, àwọn ọmọ ti ń lọ fa omi kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Lọ jókòó lé ẹnu kànga yẹn, kí o sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dé pé ẹ̀gbin ti wọ omi náà, àti pé láti ilé rẹ ni.